Odò Tí Mo Gbé Wá Sára Ògiri

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí tó sọ mí di ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn ní ìlú ńlá yẹn, àbí ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí ojú rẹ pa dé? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, èyí tó máa ń bínú kí ilẹ̀ tó mọ́? Mo kí i o, ṣùgbọ́n má sọ fún un pé bí mo ṣe pè é nìyẹn. Bí o bá jókòó, kí àga gbà ọ́. Bí o bá dìde, kí ilẹ̀ gbé ọ ró. Ibi tí o bá na ọwọ́ sí, kí ó má bọ́ sófo. Àmín. Bí o bá ti ka ibẹ̀ yẹn tán, kí ìwọ náà ṣe àmín kí o tó máa kà lọ, torí àmín ẹnìkan ṣoṣo kì í dún dáadáa.

Ilé ń kí ọ. Adìẹ dúdú ti pa ọmọ, àmọ́ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ mi ló lọ pa wọ́n sí, aṣọ kan ṣoṣo ni mò ń wọ̀ báyìí títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi lè rìn. Aránṣọ tó kọjú sí wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Mo-Gbọ́-Ná nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú yàrá tí kì í gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé ẹni tó rán aṣọ tí o wọ̀ nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó dájú pé ìjà kan wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Mo ní màá jíṣẹ́. Mo ti jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gan-an ni mò ń yí ká láti òkè wá, jẹ́ kí n bọ́ sínú rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti já bọ́ lórí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ilé ìwé, orí ibùsùn ni wọ́n wà. Dókítà ti ya fọ́tò egungun náà, ó ní ó ti so, ó so dáadáa, pé kí wọ́n dìde kí wọ́n máa rìn. Mo bẹ dókítà kó fún mi ní ẹ̀dà fọ́tò náà kan kí n fi kọ́ sí pálọ̀, torí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, bàbá rẹ kò ya fọ́tò kankan rí tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ní àwọn ti gbọ́ ohun tí dókítà wí. Wọ́n bá yíjú sí ògiri. Ọmọ mi, ẹni tó jẹ́ pé òwúrọ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò ẹ̀yìn ilé, lọ bọ́jú kí wọ́n sì bá omi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò tilẹ̀ wojú fèrèsé mọ́. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní hùn-ún. Bí mo bá béèrè òmíràn, wọ́n á tún ní hùn-ún, hùn-ún kan náà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nínú wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, ẹsẹ̀ náà yóò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, pé ẹsẹ̀ tó bá sì gbàgbé ìrìn kì í tètè rántí mọ́. Mo dúró wo ẹsẹ̀ náà títí. Egungun ti so lóòótọ́, ọkàn ni kò tíì so.

Wàyí o, tábúlẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ pé kí bàbá rẹ máa fi wo bọ́ọ̀lù, wọn ò wò ó. Mo fi ìnura bò ó kó má baà tutù. Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu eruku ara rẹ̀, ìka mi ṣèèṣì kàn án, ni ọwọ́ ọkùnrin kan bá yọ nínú gíláàsì. Ọwọ́ nìkan o, kò sí ojú. Ó mú kálámù kan tí kò ní yíǹkì, ó ń fi í ra ojú gíláàsì, ibi tó bá sì rà, ọ̀run ń yọ níbẹ̀. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó fa búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sókè, ó fọwọ́ pa á, ìkùukùu yọ. Ó to igi. Ó tẹ́ omi sábẹ́ igi, igi náà sì rí ara rẹ̀ nínú omi. Ọmọ mi, mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ìkòkò náà ti di èédú, kò ṣeé fọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ lo ṣàlàyé pé àwòrán kíkùn ni wọ́n ń kọ́ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń wo fídíò náà tó sì ń fara wé e lè kun igbó àti omi títí ènìyàn á fi rò pé fọ́tò ni. O tún rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wo bàbá rẹ, mo wo ògiri tí wọ́n kọjú sí, mo ní ó dáa. Bí ọkùnrin yìí kò bá fẹ́ kúrò lójú ògiri láti lọ wo odò, èmi á gbé odò náà wá sára ògiri fún wọn.

Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé nìyẹn. Kí wọ́n tó gbà mí wọlé, wọ́n gbé ìwé àdéhùn kan jáde nínú gíláàsì pé kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà. Mo-Gbọ́-Ná ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́, pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo ní èmi ò ní gba ohun tí mi ò kà. Mo gbé àga síta, mo kà á láti òwúrọ̀ títí òjìji ilé fi yí sí apá kejì. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò yé mi, ibi tó sì yé mi, mi ò gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò fi àyè sílẹ̀ tí ènìyàn á ti wí tẹnu rẹ̀. Mo bá sọ ọ́ sókè ketekete kí n tó tẹ̀ ẹ́, Mo-Gbọ́-Ná sì jẹ́rìí mi.

Olùkọ́ mi yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mi ò rí ojú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti dàgbà, nítorí náà mi ò jẹ́ fi wọ́n pe ẹgbẹ́ mi. Bí mo bá fẹ́ ṣí wọn, mo máa ń bọ́jú, mo máa ń wé gèlè mi dáadáa, mo sì máa ń kí wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ káàbọ̀. O sọ fún mi pé bí ọwọ́ wọn bá yá ju tèmi lọ, kí n tẹ ibì kan kí wọ́n dúró. Mo dá ọ lóhùn pé mo ti gbọ́. Ọmọ mi, báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí èmi ó wá fi ìka pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ wọn gan sínú afẹ́fẹ́, wọn ò lè gbé e sílẹ̀, wọn ò lè gbé e lọ. Àánú wọn ṣe mí, mo sáré tú wọn sílẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti sáré kọjá mi, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n parí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n sì dágbére, lẹ́yìn náà ni màá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọn kì í bínú. Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀, bí ẹni pé a ò ríra rí láyé. Sùúrù wọn pọ̀, àmọ́ mo rò pé ìgbàgbé náà wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan tó ń dùn mí nípa wọn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́ kí n tẹ àtàǹpàkò kan tó wà nísàlẹ̀ bí mo bá gbádùn ẹ̀kọ́ náà. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa bẹ ènìyàn? Mo ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, tọkàntọkàn. Àfi ìgbà tí Mo-Gbọ́-Ná wá wò mí tó bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lónìí mo fún wọn, bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la mo gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ojú tì mí. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ tí mo fún wọn ni mo dúró sí àbí ọjọ́ tí mo gbà á. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó láti ọ̀dọ̀ rẹ.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ dùn, ìka mi ni mo fi ń kùn lójú gíláàsì kan náà. Wọ́n ní ènìyàn kì í kun gbogbo nǹkan papọ̀, abala-abala ni. Ọ̀run wà lórí abala tirẹ̀, omi wà lórí tirẹ̀, igi wà lórí tirẹ̀, bí ìgbà tí a bá to gíláàsì tí a kò rí léra wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà pẹrẹsẹ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé abọ́ omi, kí igi mi má baà yọ̀ kúrò lórí ọ̀run. Mo-Gbọ́-Ná ní kò lè yọ̀. Mo ní òun kọ́ ló kùn ún, kò lè mọ̀. Ibì kan tún wà, bí mo bá ṣe àṣìṣe tí mo tẹ ibẹ̀, ohun tí mo ṣe gbẹ̀yìn á parẹ́ bí ẹni pé ọwọ́ mi kò kàn án rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, mo jókòó. Mò ń ro àkàbà yẹn. Mò ń rò ó pé bí wọ́n bá ti ṣe irú rẹ̀ sí ara àkàbà ni, kí n kàn tẹ̀ ẹ́, kí bàbá rẹ padà sókè, kí wọ́n máa kan ìṣó wọn lọ.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ojú mi ti yí padà. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé dúdú ni òjìji. Irọ́ ni. Lọ sẹ́yìn ilé rẹ lówùúrọ̀ kí o wò ó dáadáa, àwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀, búlúù wà nínú rẹ̀. Omi náà kì í ṣe àwọ̀ kan, gbogbo ohun tó bá wò ló ń dà. Mo lè dúró nídìí kànga pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, kí n máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gun ògiri, kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi máa bú mi, kí n má gbọ́. Olùkọ́ ní ohun tó bá jìnnà máa ń ṣá, ó máa ń di búlúù, kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa ló ń dì í mú. Mo ronú kàn ọ́ níjọ́ náà. Mo kun ìwọ náà sí òdìkejì odò, lókèèrè réré, ìlà búlúù kékeré kan báyìí. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ènìyàn ni, àfi èmi.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Odò tiwa, bí ènìyàn bá ti ẹ̀yìn ilé yọ sí i, ọwọ́ òsì ló yà sí, igi ńlá yẹn sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Nínú odò tí olùkọ́ ń kùn, ọwọ́ ọ̀tún lomi yà sí, igi wà lósì. Wọ́n tún gbé òkè ńlá kan sẹ́yìn, wọ́n da funfun lé e lórí bí òwú. Mo sọ fún wọn pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò dáhùn, iṣẹ́ ń lọ. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ. Wọ́n ní ó rẹwà, kí a máa bá a lọ. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ ilé ìwé kì í jókòó sílé olùkọ́ kó máa júwe odò fún olùkọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo ṣe. Mo yà á sọ́tùn-ún, mo gbé igi sósì, mo sì da òwú lé òkè tí a ò ní lórí.

Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo dúró wò ó, omi náà ń tàn, ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ bí èémí. Mo gbé e wọ yàrá, pẹrẹsẹ, mo fọwọ́ dì í mú mọ́ ara ògiri níwájú bàbá rẹ. Ojú wọn kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ó padà. Ó dúró. Wọ́n wò ó títí tí ọwọ́ fi ń ro mí. Wọ́n wá béèrè pé kí lèyí. Mo ní odò wa ni. Wọ́n ní odò wo. Mo ní odò ẹ̀yìn ilé ni, èwo la tún ní. Ọmọ mi, bàbá rẹ tó jẹ́ pé hùn-ún ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, wọ́n fi ìgbónwọ́ ti ara wọn sókè, wọ́n ní ta ló yí odò náà padà? Wọ́n ní ta ló hú igi láti ọ̀tún lọ gbìn ín sósì? Wọ́n ní òkè tó wà lẹ́yìn yẹn, ta ló kọ́ ọ, ta ló sì gbàgbé fìlà sí i lórí?

Mo ní bí olùkọ́ ṣe kùn ún nìyẹn. Wọ́n ní olùkọ́ wo ló mọ odò yẹn ju àwọn lọ, ṣé olùkọ́ náà ti bọ́jú níbẹ̀ rí? Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n bú olùkọ́ mi, mo ní bóyá àwọn ló gbàgbé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti débẹ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, Mo-Gbọ́-Ná ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní òun náà rò pé igi yẹn wà lósì. Alárékérekè! Ó mọ̀ pé kò sí lósì. Ó tún ní ó ṣeé ṣe, ẹni tó bá pẹ́ lórí ibùsùn, ọ̀tún òun òsì máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Bàbá rẹ wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ẹ̀yin obìnrin méjèèjì yìí, orí yín ti yí. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá àwọn wá.

Mo gbé ọ̀pá wá. Wọ́n fi ọwọ́ kan mú ògiri, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó dáa sílẹ̀, wọ́n wo èkejì bí ẹni wo ajá tí kò dá a lójú, wọ́n gbé òun náà sílẹ̀. Wọ́n ń bú wa lọ láti yàrá dé pálọ̀, Mo-Gbọ́-Ná ń tẹ̀lé wa. Wọ́n sinmi lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò wọ́n, mo ní ṣé kí a padà, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rí mi tẹ̀lé àwọn. Ẹ̀rí tí wọ́n ń wí ni tábúlẹ́ẹ̀tì. Èjìká mi ni wọ́n dì mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé. Bí a bá rìn díẹ̀, a ó dúró, bí a bá dúró, wọ́n á rántí èébú mìíràn, a ó tún rìn.

A débẹ̀. Ìkùukùu ò tíì kúrò lórí omi. Bàbá rẹ na ọ̀pá sí ọ̀tún, igi náà nìyẹn. Wọ́n na ọ̀pá sí òsì, ibi tí omi yà sí nìyẹn. Wọ́n ní òkè onífìlà dà? Mo-Gbọ́-Ná ní òun ti gbà, òun ti jẹ̀bi. Wọ́n fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ti là, ni wọ́n bá wo ilẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, méjèèjì, nínú ìrì. Omi ń lọ, kò dún, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín ewé, àwọ̀ àlùkò wà lábẹ́ igi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe wí. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu omi, wọ́n bọ́jú. Ó dà bíi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àwòrán kan tí ẹnìkan ń kùn lọ́wọ́, tí kò tíì fẹ́ parí rẹ̀.

Mo-Gbọ́-Ná ń kiri àdúgbò báyìí pé ọgbọ́n ni mo dá, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yí odò náà padà kí bàbá rẹ lè bínú dìde. Bí ìròyìn náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má gbà á gbọ́. Olùkọ́ ni mo tẹ̀lé. Ó tún ní ibì kan wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè tẹ̀, tí gbogbo àwòrán á yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀tún á di òsì, igi á padà síbi tó wà, òkè nìkan ló máa kù tí n ó fọwọ́ pa rẹ́. Inú mi dùn, mo sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n má dán an wò. Wọ́n ní bí mo bá tún un ṣe, kí ni àwọn ó máa lọ bá jiyàn láràárọ̀? Nítorí náà ọmọ mi, mo mọ̀ pé o mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Má sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá tilẹ̀ bẹ̀ ọ́, purọ́ fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Fi dátà ránṣẹ́, torí olùkọ́ máa ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ lójijì, tí wọ́n á máa yí nǹkan roboto kan níwájú mi, mo sì mọ̀ pé ebi dátà ló ń pa wọ́n. Fi owó ìkòkò kan sí i, o mọ ìdí rẹ̀. Bàbá rẹ fẹ́ bàtà tí kì í yọ̀ nínú ìrì, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún kó fẹ̀ díẹ̀. Bí o bá sì pàdé olùkọ́ náà ní ìlú, torí mo rò pé ìlú ńlá ni wọ́n ń gbé, wo ọwọ́ àwọn ènìyàn dáadáa, wàá dá ọwọ́ olùkọ́ mọ̀, èékánná àtàǹpàkò wọn ya díẹ̀. Bá mi dúpẹ́. Sọ pé odò wọn dára, ibi tó yà sí nìkan ni ọkọ mi kò fara mọ́.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má parẹ́. Ohun tó jìnnà sí ọ tó jẹ́ tìrẹ, kí afẹ́fẹ́ àárín yín fà á sún mọ́ ọ. Kí ilẹ̀ máa dá ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ níbikíbi tí o bá tẹ̀. Mo ṣì ní àdúrà mìíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wá, ìkùukùu ti fẹ́ ká. Mo ní kí wọ́n dúró kí n fi orúkọ sí lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn ò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sáré lé wọn bá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ